Ìbọn afẹ́fẹ́ tí bùọ̀dá fẹ́ gbé bọ̀ fún àwọn ọmọ: ṣé kí n gbà á?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lúgbè ní Àbújá la ń gbé. Ọmọkùnrin méjì ni mo bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 13, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 9. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti rí àwọn tó ń yin ìbọn afẹ́fẹ́ ní Òlíḿpíìkì lórí tẹlifíṣọ̀n, kò jẹ́ ká sinmi mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Manchester wá ní òun máa gbé ọ̀kan bọ̀ fún wọn nínú ẹrù òun ní Kérésì. Ọkọ mi ní kò sí wàhálà, pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, ohun ìṣeré ni, kò gba ìwé àṣẹ. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀ eré yìí? Báwo la ṣe ń kọ́ wọn tí ẹnikẹ́ni ò fi ní fara pa? Àbí kí n kúkú sọ pé rárá? Èmi ìyá ọmọ méjì, Lúgbè."

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹ má baà máa wá a títí: ẹ ní kí bùọ̀dá má gbé ìbọn náà bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ọmọ yín pé ohun tó wù ú kò dára, nítorí ó dára. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn àgbàlagbà bí a ṣe ń di ìbọn mú nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì sí Kúbwà, mo ti jókòó ti ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ mi àti ọmọ ẹbí nídìí ìbọn afẹ́fẹ́, ní pápá tó ní ìwé àṣẹ. Mo ti rí ọmọ tí kò lè jókòó sójú kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún tó kọ́ sùúrù nídìí eré yìí. Mo sì ti rí ẹ̀jẹ̀ nídìí rẹ̀. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ẹ̀rù méjì ló ń bà yín: kí ọmọ kan má ṣe èkejì léṣe, àti kí ọlọ́pàá tàbí sójà má wá kan ilẹ̀kùn yín. Méjèèjì ló tọ́ kó bà yín lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ bàálé yín wò. Òótọ́ ni pé kò sí ẹ̀tù nínú ìbọn afẹ́fẹ́, kò ní iná, kò ní èéfín, ariwo rẹ̀ kò sì tó ti ṣakabùlà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀tù ló ń wọ ara ènìyàn, ọta ni. Iṣẹ́ ẹ̀tù kò ju kó ti ọta jáde lọ, afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ti fi ìka dí ẹnu pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ rí mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jà kó lè jáde. Nínú irú ìbọn afẹ́fẹ́ tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kí a tó ki í, sípíríǹgì líle kan wà nínú rẹ̀ tó ń ká jọ bí a ti ń ṣẹ́ ọ̀pá náà. Bí a bá fa tírígà, sípíríǹgì á tú lẹ́ẹ̀kan náà, á gbá afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ yẹn lá sì ta ọta nù. Ọta ọ̀hún kéré: ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4.5, ó wúwo tó nǹkan bí ìdajì gíráàmù. Nínú ìbọn tí wọ́n fi ń díje, ó ń sáré tó mítà 170 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn ni pé á ti rin mítà 10 já kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ti àwọn tó fi ń pa ẹyẹ àti òkété tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá rí ohun tó dá a dúró, ó lè fò kọjá 300 mítà. Ẹ dúró sí ẹnu géètì yín ní Lúgbè, kí ẹ wo ohun tó wà láàárín 300 mítà: mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹni tó ń sun súyà, ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì.

Mo sọ pé mo ti rí ẹ̀jẹ̀. Kàdúná ni, ó ti pẹ́. Èmi fúnra mi ni mo to agolo mílíìkì sórí fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù fún ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ ọdún 12. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń yin ọta irin roboto, èyí tí wọ́n ń pè ní BB. Mo dúró tì í, mo tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀, n kò wo ibi tí àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró sí lẹ́bàá kànga, lápá ọ̀tún wa. Ní ìyìn kẹta, ọta tàsé agolo, ó gbá búlọ́ọ̀kù, ó sì padà sọ́dọ̀ wa. A gbọ́ "tíń". Nígbà tí mo máa yíjú, ọmọbìnrin náà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Orí egungun ìpéǹpéjú ló bà á, kò ju ìbú èékánná kan lọ sí ẹyinjú. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò pọ̀, wọ́n rán an ní ọ̀nà méjì ní ọsibítù, ojú rẹ̀ sì ríran títí dòní. Ìyá wọn kò bá mi jà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ohun tó fà á kò le láti mọ̀. Irin kì í rọ̀ bó bá gbá ohun líle, ńṣe ló ń ta padà. Òjé, tí wọ́n fi ń ṣe ọta ìbọn afẹ́fẹ́ gan-an, máa ń pẹlẹbẹ, agbára rẹ̀ sì ń parí síbi tó ti pẹlẹbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà lè ta bí ibi tó gbá bá dagun. Láti ọjọ́ yẹn, n kò gbà kí ọmọ yin ọta irin níwájú mi, n kò gba fẹ́ǹsì gẹ́gẹ́ bí ohun ìdáàbòbò, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ibẹ̀ láì fi gọ́gùlù bo ojú, títí kan ẹni tó kàn wá wòran. Awọ ṣe é rán. Ẹyinjú tó bá fọ́ kò ṣe é lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ni ibi tí bùọ̀dá àti bàálé yín ti ṣìnà, mo sì mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ní Manchester tí bùọ̀dá wà, ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tí agbára rẹ̀ kò ju 16 lọ lórí òṣùwọ̀n joule kò gba ìwé àṣẹ, torí náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ní Scotland, tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú wọn, ó ti di dandan láti òpin ọdún 2016 kí ẹni tó bá ní ín gba ìwé. Ní tiwa ńkọ́? Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó ṣì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè wa, dárúkọ ìbọn afẹ́fẹ́ ní pàtó, ti gígùn àti ti ìléwọ́. Ẹgbẹ́ kan náà ló fi í sí pẹ̀lú ìbọn táwọn ọdẹ fi ń yin ẹranko, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́ láì gba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí. Ní ti ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́, orúkọ rẹ̀ wà nínú àkójọ ohun tí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà kò gbà kó wọlé rárá. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ohun ìṣeré ni bùọ̀dá fẹ́ gbé gba pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe kọjá nínú báàgì aṣọ. Ìbọn ni, ẹ̀wọ̀n sì wà nídìí rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ìwé. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Bí bàálé yín bá fẹ́ ní ọ̀kan lọ́nà tó tọ́, kó mú lọ́yà dání, kó lọ bá ọlọ́pàá, kó béèrè ohun tí wọ́n ń béèrè fún lásìkò yìí gan-an, kó tó ná kọ́bọ̀ kan.

Ẹ tún wo ibi tí a ń gbé. A kò gbé ní àárín oko níbi tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọmọ gbé dání. Ọ̀nà Kàdúná, ọ̀nà Lọ́kọ́ja, gbogbo ibi ni sójà wà, etí gbogbo ènìyàn sì ṣí sílẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìbọn. Lọ́dún kan nígbà Iléyá, mo rí ọmọ Háúsá kan tó gbé ìbọn ọ̀rá dúdú sá jáde láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ NAPEP. Ọmọ mìíràn pariwo "bíndígà!", ìyẹn ìbọn lédè Háúsá, gbogbo ọjà sì da ara bolẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ìṣeré ni. Sójà tó wà ní 50 mítà kò lè fojú mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbọn afẹ́fẹ́ àti èyí tó ń pààyàn, kò sì ní dúró kó yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, kódà níbi tí ìwé bá pé, ìbọn kì í rìn ní ojú ọ̀nà láìsí nínú àpótí tí a tì pa, láìsí ọta nínú, kí ìwé sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọmọ kì í gbé e jáde sí àdúgbò, kì í sì fi í han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ béèrè ọjọ́ orí. Ní Jámánì, láti ọmọ ọdún 12 ni ọmọ lè máa yin ìbọn afẹ́fẹ́ ní pápá ẹgbẹ́, bí òbí bá fọwọ́ sí i tí olùkọ́ sì dúró tì í. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí kò tíì pé 14 gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ojú ẹni tó ti pé ọdún 21. Mo sọ ìwọ̀nyí kí ẹ lè mọ̀ pé níbi tí eré yìí ti gbilẹ̀ pàápàá, wọn kò fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í wo ọjọ́ orí nìkan. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń mú igi gbálẹ̀ kan, mo so àkísà pupa mọ́ orí rẹ̀, mo sì sọ fún ọmọ náà pé: "Ibi tí àkísà yìí wà, ẹnu ìbọn nìyẹn. Máa gbé e kiri inú ilé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò gbọdọ̀ kọjú sí ènìyàn, kò gbọdọ̀ kọjú sí ajá, kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ ara rẹ." Lẹ́yìn náà mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ní kí ìyá rẹ̀ pè é láti kíṣìnnì. Ọmọ á dá a lóhùn pé "Mà!", á yí gbogbo ara sí i, àkísà pupa á sì gba àyà ìyá rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí a fi gbálẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. N kì í nà wọ́n, n kì í pariwo. Mo kàn ń sọ pé, "O ti yìn ín lu màmá," a ó sì tún un ṣe lọ́la. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ máa rí i: bí ìyá rẹ̀ bá pè é, á kọ́kọ́ dúró, á gbé orí igi sókè sí òkè, kó tó yíjú. Ọmọ yẹn ti ṣe tán, bó jẹ́ ọdún 11 ló wà tàbí 14. Ọmọ tí kò bá lè dúró ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá ní "Dúró!" kò tíì tó o, bó tilẹ̀ ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Èyí ẹ̀gbọ́n lè ti súnmọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, jọ̀wọ́, ẹ fún un ní igi alákìísà, kó máa gbé e kiri, kó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná.

Bàálé yín ló sì yẹ kó kọ́kọ́ kọ́ eré yìí kí àwọn ọmọ tó kọ́. N kò sọ èyí láti fojú kéré wọn. Ọmọ kì í ṣe ohun tí a sọ, ohun tó bá rí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe. Àgbàlagbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ní àìsàn kan náà: ìka rẹ̀ kì í fi tírígà sílẹ̀. Bó ṣe di ìbọn mú báyìí, ìka ìfábẹ̀lá ti wọ inú ihò tírígà, ó wà níbẹ̀ bó ti ń rìn, bó ti ń sọ̀rọ̀, bó ti ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí ìka yẹ kó wà ni ẹ̀gbẹ́ igi ìbọn, kó nà gbọọrọ, títí ojú yóò fi dúró sórí àmì tí ọkàn yóò sì ti pinnu láti yìn ín. Mo máa ń lẹ ìlẹ̀mọ́ kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi ìbọn níbi tí ìka yẹ kó sinmi sí, kí ọmọ lè máa fọwọ́ kàn án láìwò. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ìwàásù lọ.

Ìwọ̀n ìbọn náà ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ìbọn sípíríǹgì àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò 3, agbára tí a fi ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ sì lè tó ti ẹni tó ń gbé kílò 13. Ẹ gbé e fún ọmọ ọdún 10, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: á fẹ̀yìn sẹ́yìn kó má baà ṣubú síwájú, ẹnu ìbọn á máa yí bí orí ẹni tó ń tòògbé. Bó bá wá fẹ́ ṣẹ́ ọ̀pá, á fi ìdí ìbọn ti ikùn, á fi orúnkún ràn án lọ́wọ́, ọ̀pá yẹn sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó padà sókè kó ba ìka jẹ́. Nítorí náà, bó bá jẹ́ sípíríǹgì, àgbàlagbà ni kó máa ṣẹ́ ẹ, kó di ọ̀pá mú ṣinṣin títí ọta fi wọlé. Àwọn tó ń lo gáàsì inú sìlíńdà kékeré rọrùn fún ọmọ, ṣùgbọ́n ooru wa kò bá wọn mu. Wọ́n kọ ọ́ sára sìlíńdà pé kó má ṣe wà níbi tó gbóná ju nǹkan bíi 50 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọkọ̀ tí a pa sínú oòrùn oṣù kẹta ní Àbújá lè kọjá ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù fẹ́ kún ṣáájú ló dára jù fún ìdíje, nítorí kì í gbọ̀n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè tó 200 bar (òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe há tó), olùkọ́ ni kó fẹ́ ẹ, kì í ṣe ọmọ. Ẹ tún yẹ ojú ọmọ wò. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, kó wo bọ́tìnnì iná ara ògiri láti inú rẹ̀, kó wá di ojú òsì. Bí bọ́tìnnì bá ṣì wà nínú ihò, ojú ọ̀tún ló ń ṣe ọ̀gá. Bó bá sá lọ, ojú òsì ni. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n pè ní olódo nídìí ìbọn fún oṣù méjì, tó jẹ́ pé ojú òsì ló fi ń ríran jù, tí wọ́n sì ní kó máa fi ti ọ̀tún wo àmì.

Bí ẹ bá wá rí pápá tó ní ìwé àṣẹ, ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìyìn. Mo máa ń gbé ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ka iwájú àpò iyanrìn, àwa àgbà la ń yin ọta kan ṣoṣo sí i, àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn pẹ̀lú gọ́gùlù lójú. Lẹ́yìn náà a ń gbé ìbọn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí gbogbo ojú lè rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, a jọ lọ wo ìbẹ́pẹ. Níta, ihò náà kò ju hóró ẹ̀wà lọ, àwọn ọmọ á máa wo ara wọn bíi pé "ṣé ìyẹn náà nìyí?" Mo wá ń la ìbẹ́pẹ sí méjì. Ọ̀nà tí ọta gbà nínú ẹran ìbẹ́pẹ fẹ̀, ó ti rà, omi ń kán níbẹ̀, hóró dúdú méjì tàbí mẹ́ta ti fọ́. N kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan nígbà náà. Mo ń jẹ́ kí wọ́n fi ìka kàn án. Láti ìgbà yẹn lọ, n kì í tún pariwo pé kí wọ́n má kọjú ìbọn sí ara wọn.

Ìyìn fúnra rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìbọn sinmi lórí àpò iyanrìn lórí tábìlì, ọmọ jókòó, àmì wà ní mítà 5 ná kó tó di 10. Ẹ̀yìn àmì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń gbé ọta mì, bí àpótí tó kún fún iyanrìn tàbí àkísà tí a fún pọ̀. Kò gbọdọ̀ sí ilẹ̀kùn tàbí ọ̀nà tí ènìyàn lè ti yọ lójijì lápá ibẹ̀. Ọta wà lápò olùkọ́, ẹyọ kan ni ọmọ ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tó kéré jù, bá sọ pé "Dúró!", gbogbo ọwọ́ á kúrò lára ìbọn. Kò sí ẹni tó ń kọjá ilà lọ wo káàdì tí a ya àmì sí àyàfi tí gbogbo ìbọn bá ti wà lórí tábìlì ní ṣíṣí. Ìyìn márùn-ún, ìsinmi, ìyìn márùn-ún mìíràn, ó tán: lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọwọ́ ọmọ ti rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó máa lé àárín káàdì. Ní ìdíje mítà 10, àmì tó jẹ́ máàkì 10 fún ìbọn gígùn kò ju ìdajì mìlímítà lọ, bí ẹnu báírò. Ẹni tó bá ń lé e lọ́jọ́ kejì á rẹ̀wẹ̀sì. Kí ọta márààrún sún mọ́ ara wọn ni kó máa wá, ibi yòówù kí wọ́n wọlé sí. Bí wọ́n bá ti ń jókòó ti ara wọn bí ẹyin nínú ìtẹ́, ìyókù á dé.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í sọ: òjé ni ọta náà. Àwa tí a ń gbé ní Àríwá kò yẹ kí a gbàgbé Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí ekuru òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ kéékèèké. Ohun tí ọmọ máa bá pàdé nídìí ìbọn afẹ́fẹ́ kò tó ìdá kan nínú ìyẹn, n kò fẹ́ dá ìpayà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kò gbọdọ̀ fi ọta há ẹnu bó ti ń dúró de tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i kí wọ́n ṣe. Kò gbọdọ̀ jẹ ṣinṣín tàbí bisikíìtì nídìí tábìlì, ọṣẹ àti omi sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń fọwọ́ kàn lẹ́yìn eré. Iyanrìn inú àpótí, ẹ má kó o dà sí ibi tí ọmọ ti ń ṣeré tàbí tí adìẹ ti ń jẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá ṣe báyìí? Mo ti sọ pé kí bùọ̀dá má gbé e bọ̀. N kò sì gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa yìn ín nínú ọgbà ilé, ìwé pé tàbí kò pé: ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò tó, fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù yí i ká, ilé elòmíràn sì wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Pápá tó ní ìwé àṣẹ ló dára, ṣùgbọ́n kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ń náni lówó, kò sì yẹ kí ojú tì yín láti ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín, kí ẹ wo ẹ̀yìn àmì wọn, kí ẹ ka iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan. Bó bá ju ọmọ méjì lọ fún àgbà kan, ẹ mú ọmọ yín padà sílé. N kò ní dárúkọ pápá kankan níbí, nítorí ibi tó dára lọ́dún tó kọjá lè ti yí padà. Bí ẹ bá lè lọ kí bùọ̀dá nígbà ọlidé, ẹ jẹ́ kí ó fi owó ìbọn yẹn san owó ẹ̀kọ́ fún ẹ̀gbọ́n ní ẹgbẹ́ ayìnbọn kan ní Manchester. Ibẹ̀ ni òfin ti gbà á láyè, olùkọ́ wà, ẹ̀rọ wà, ọmọ á sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí tó wù mí jù fún ilé yín ni ìbọn iná laser tó ní àmì tirẹ̀. Nínú ìdíje pentathlon, eré oríṣi márùn-ún tí ìbọn yíyìn wà nínú rẹ̀, láti Òlíḿpíìkì London ọdún 2012 ni wọ́n ti ń lo laser dípò ọta, kò sì dín iyì eré náà kù. Kò sí ohun tó ń fò jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmí, ìdúró, ìka lórí tírígà, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ á kọ́. Ó ní àbùkù tirẹ̀: kò dùn mọ́ ọmọ bí ọta, ó sì lè sú u láàárín oṣù kan. Ẹ wá èyí tó ní àwọ̀ fífani-mọ́ra, tí kò jọ ìbọn sójà, kó máa wà nínú pálọ̀, kó má jáde sí ìta, kí iná rẹ̀ má sì kọjú sí ojú ẹnikẹ́ni.

Láti ibi tí mo wà, n kò lè mọ irú ọmọ tí ẹ̀gbọ́n jẹ́. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá ó máa ń gbọ́ràn nígbà tí inú bá ń bí i, nítorí ìgbà tí inú rẹ̀ dùn kọ́ ni mo ń béèrè. Lálẹ́ òní, ẹ so àkísà pupa mọ́ igi gbálẹ̀, kí ẹ fún òun àti bàbá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ kíṣìnnì, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá pe àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ sọ ẹni tí àkísà rẹ̀ kọjú sí yín.